Ojú Ọ̀run Tí A Ṣẹ́ Po

Ìyáàfin Oyíndà ṣẹ́ bébà náà po ní agbede méjì, ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó sì jẹ́ kí oòrùn Ìbarà gba inú rẹ̀ kọjá. Àwòrán orí bébà náà dà bí ẹyin tí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Àbàwọ́n pupa àti àbàwọ́n aró ni ó kún inú rẹ̀, ọ̀já dúdú kan sì dì í ní àárín láti ọ̀tún dé òsì. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ gbà á kọjá, àbàwọ́n òkè lé àbàwọ́n ìsàlẹ̀ lórí: pupa bá pupa, aró bá aró, kò sí èyí tí ó yẹ̀ lórí ẹnìkejì rẹ̀. Ó tú u. Ó tún un ṣẹ́ po. Ọ̀kan náà ni.

“Dókítà, ǹjẹ́ Ọlọ́run máa ń ṣe báyìí?”

“Báwo, mà?”

“Kí Ó ya ìdajì ọ̀run, kí ó rẹ̀ Ẹ́, kí Ó wá fi ìdajì kejì ṣe àdàkọ ti àkọ́kọ́.”

“Ọlọ́run kọ́ ni ó ya èyí, mà. Kọ̀ǹpútà ni.”

“Ta ni ó jókòó ti kọ̀ǹpútà?”

“Ìyẹn gan-an ni a tìtorí rẹ̀ pè yín.”

Dókítà Theophilus ni igbákejì olórí Ilé Ìwádìí Ìmọ́lẹ̀ Àkọ́tàn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó máa ń nu awò ojú rẹ̀ nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ le. Oyíndà ní tirẹ̀ jẹ́ àgbà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jìnnà mọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò. Òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Abẹ́òkúta ti jẹ orúnkún rẹ̀. Irọ́ ọmọ aráyé sì ti jẹ èyí tí ó kù.

“Ẹ tún un ṣàlàyé fún mi. Ẹ fi mí ṣe ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.”

“Nígbà tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ di ayé, mà, ìmọ́lẹ̀ kan tàn. Ìmọ́lẹ̀ náà kò tíì kú. Ó ti tutù, ojú kò sì lè rí i mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ṣì ń mú un láti gbogbo igun ọ̀run. Bí ó ṣe gbóná díẹ̀ níhìn-ín, tí ó tutù díẹ̀ lọ́hùn-ún, ni a fi ń ya máàpù rẹ̀.”

“Èyí tí mo mú dání yìí ni?”

“Rárá o. Àfarawé nìyẹn. Ọ̀run kan ṣoṣo ni a ní, mà. Bí a bá rí ohun àràmàǹdà nínú rẹ̀, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ó nítumọ̀, tàbí ó kàn ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀ ni? A kò lè bẹ Ọlọ́run pé kí Ó dá ọ̀run mìíràn kí a fi wé e. Nítorí náà ni a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà dá ọ̀pọ̀ ọ̀run àfarawé, ní odindi, láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí a sì ń kó wọn ránṣẹ́ sí àwọn alábàáṣiṣẹ́ wa lókè òkun. Wọn a máa fi ọ̀run òtítọ́ wé wọn.”

“Ọ̀kan nínú àwọn ayédèrú yín wá jẹ́ ayédèrú.”

Theophilus kò rẹ́rìn-ín. “Àwọn ará òkè òkun rí i, mà, wọ́n sì ti dá gbogbo iṣẹ́ wa dúró. Wọ́n ní àwọn kò lè gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa mọ́. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lẹ́yìn ìrun ọ̀sán òní. Haleemah ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń yẹ máàpù wò kí ó tó kó wọn ránṣẹ́. Bí a kò bá rí orúkọ mìíràn, a ó lé e kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀, a ó sì fà á lé yín lọ́wọ́.”

“Kí ni òun fúnra rẹ̀ wí?”

“Ó ní ọwọ́ òun ni ó ti jáde. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kọjá ibẹ̀.”

“Ẹ̀yin sì gbà pé òun ni?”

“Ìdílé aláró ni ó ti wá, mà. Alhaja Bùsírátù, ìyá rẹ̀, ń ṣe àdìrẹ ní Ìtokú. Kí ni àwọn aláàdìrẹ ń ṣe? Wọ́n á ṣẹ́ aṣọ po, wọ́n á dì í, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú aró. Bí wọ́n bá tú u, apá kan á bá ìkejì mu rẹ́gí. Ohun tí ó bá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni ó ṣe fún ojú ọ̀run.”

Oyíndà ti bébà náà bọ àpò. “Ẹ kọ́kọ́ mú mi lọ kí Bàbá. N kò lè máa rìn kiri nínú ilé onílé láìkí onílé.”

*

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣínà ni ó dá ilé ìwádìí náà sílẹ̀. Tọmọdé tàgbà ibẹ̀ ni ó ń pè é ní Bàbá. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni wọn yóò ṣe ìsìn ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dìde fún Oyíndà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ táràrà wá etí tábìlì kí ó tó rí i dì mú.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá ọlọ́pàá.”

“Ẹ kú ilé, sà. Ẹ sì kú ìmúra ìfẹ̀yìntì.”

“Ìmúra kẹ̀? Ẹni tí ó ti rẹ̀ kò nílò ìmúra kí ó tó jókòó.”

“Àwa méjèèjì ni, sà. Ìwé tèmi náà ti wà lọ́nà.”

Wọ́n jùmọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn.

“Ṣé ẹ ṣì ń ṣe máàpù, sà?”

“Mo ti fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ojú mi kò gbà á mọ́.” Bàbá rọra jókòó padà. “Ọmọ gidi ni Haleemah. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe le mọ́ ọn.”

“Ẹ̀yin ni olórí níhìn-ín, sà. Bí ẹ bá sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n má le mọ́ ọn, ta ni yóò le mọ́ ọn?”

Bàbá kọ ojú sí fèrèsé. Oyíndà ní tirẹ̀ wo kọ̀ǹpútà orí tábìlì náà. Ó wà ní títàn. Àwọn lẹ́tà ojú rẹ̀ tóbi, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìka ọwọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ mélòó kan péré fi gba gbogbo ojú rẹ̀ tán. Ó tún Bàbá kí, ó sì jáde.

*

Láwàlì, ọmọ Wásinmi tí ó ń bójú tó yàrá ẹ̀rọ, ti ń fi ọwọ́ nu àga kí Oyíndà tó wọlé.

“Màámi, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó síhìn-ín, òtútù kò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ yìí ń gbádùn ju àwa ènìyàn lọ.”

“Láwàlì, ṣé ẹ̀rọ yìí kì í kọ orúkọ ẹni tí ó bá lò ó sílẹ̀ ni?”

“Ó máa ń kọ ọ́, mà.”

“Orúkọ ta ni ó kọ sí ìdí máàpù yìí?”

“Ó ti… ó ti parẹ́, mà.”

“Ó parẹ́ ni, àbí wọ́n pa á rẹ́?”

“Iná ni, mà. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe ní ìlú yìí.”

“Iná kó orúkọ lọ, ó fi máàpù sílẹ̀. Iná tí ó mọ ohun tí ó ń wá nìyẹn.”

Láwàlì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

“Wọ́n ní ìwọ àti Haleemah kì í rí ara yín sójú.”

“Òun ni ó máa ń bú mi, mà! Mo lè fi gbogbo àárọ̀ ṣe máàpù. Bí ó bá ti wò ó, á ní mo ṣe é bí ẹni ń tẹ ẹ̀bà.”

“Ìwọ náà wá ṣẹ́ ọ̀kan po, o jù ú sáàárín iṣẹ́ rẹ̀, kí èébú náà lè padà sórí ẹni tí ó ń bú ọ.”

“Wallahi, n kò ṣe bẹ́ẹ̀! Mo bí ọmọ, mà. N kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.”

“Kí ni o wá ń pa rẹ́?”

Láwàlì wo ẹnu ọ̀nà, ó wo bàtà rẹ̀.

“Fídíò ni, mà.”

“Fídíò wo?”

“Ti ìgbéyàwó. Àwọn ẹ̀rọ yìí lágbára, mà. Fídíò tí yóò pa kọ̀ǹpútà ilé mi, wọn á ṣe é tán kí n tó mu omi. Mo ti bá ará Ewékorò ṣe ti ìgbéyàwó, mo ti bá ará Ìbarà ṣe ti ìsọmọlórúkọ…”

“Ẹ̀rọ tí a fi ń dá ọ̀run ni o fi ń gbé ìyàwó.”

“Ẹ má sọ fún Bàbá, mà. Àfúsá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ni ó ń bá mi wá àwọn oníbàárà. Ojú yóò tì í.”

Oyíndà fi ọwọ́ pa orúnkún. Láti àárọ̀ ni ó ti ń retí ọ̀daràn. Alágbàṣe fídíò ni wọ́n gbé kò ó. “Kò sí ẹni tí ó fura sí ọ rí?”

“Ó ku díẹ̀ nígbà kan. Fídíò Ewékorò yẹn gùn jù, ó gba gbogbo àyè inú ẹ̀rọ. Ìgbà tí mo wò ó dáadáa ni mo rí i pé iṣẹ́ ẹlòmíràn wà níbẹ̀, tèmi sì ti pa á kú sí agbede méjì. Ẹ̀rù bà mí. Mo nu gbogbo àkọsílẹ̀ nù.”

“Iṣẹ́ ta ni?”

“N kò dúró wò ó, mà. Ẹni tí ó ń jí ẹran nínú ìkòkò kì í dúró ka egungun.”

“Agbede méjì,” ni Oyíndà tún wí, ó sì dìde díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀yìn àga.

*

Haleemah wà lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé, ó ń wo ilẹ̀. Bí ó ti rí Oyíndà ni ó kúnlẹ̀.

“Ẹ kú ọ̀sán, mà.”

“Dìde, ọmọ mi. Bí o bá kúnlẹ̀, èmi náà yóò ní láti bẹ̀rẹ̀ kí n lè máa rí ojú rẹ, orúnkún mi kò sì ní gbà fún mi.” Oyíndà jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. “Ìwọ ni o ṣe máàpù yẹn?”

“Ọwọ́ mi ni ó ti jáde, mà.”

“Ohun tí mo bèèrè kọ́ nìyẹn. Ọwọ́ alágbàtà ni aṣọ ti ń jáde. Alágbàtà kọ́ ni ó rẹ ẹ́ láró.”

Ọmọbìnrin náà tún wo ilẹ̀.

“Dókítà ní ìyá rẹ ni ó kọ́ ọ ní ìṣẹ́po.”

Haleemah gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. “Dókítà kò mọ àdìrẹ, mà. Bí a bá ṣẹ́ aṣọ po, a fẹ́ kí ènìyàn rí i ni. Ìṣẹ́po ni ẹwà rẹ̀. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ìyá mi kò bo ìṣẹ́po mọ́lẹ̀ rí.”

“Ẹnìkan bo èyí mọ́lẹ̀, àbí?”

Ọmọ náà rí i pé òun ti sọ̀rọ̀ jù. Ó gbá ẹnu mú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

“Kí ni ó bò ó?” ni Oyíndà bèèrè ní ohùn pẹ̀lẹ́.

“Ọ̀já ni, mà. Ọ̀já dúdú àárín yẹn. Eruku agbo ìràwọ̀ tí ayé wa wà nínú rẹ̀ ni ó máa ń dí ojú ọ̀run lọ́nà níbẹ̀. Kí ó má bàa tàn wá jẹ, a máa ń fi ọ̀já bo àárín gbogbo máàpù.”

“Bí a bá wá tú ọ̀já èyí?”

“Ibẹ̀ ni òkè àti ìsàlẹ̀ ti pàdé. Ẹni tí ó bá tú u yóò rí i lójú kan náà, bí ìgbà tí ènìyàn bẹjú wo odò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀já bá wà lórí rẹ̀, ojú kì í tètè mú un.”

“Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ọ̀já.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Yóò tú u, yóò wò ó, yóò sì tún un dì.”

“O máa ń tú ti Láwàlì?”

“Gbogbo rẹ̀, mà. Ó máa ń ṣe é bí…”

“Bí ẹni ń tẹ ẹ̀bà. Ó ti fi sùn mí.”

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Haleemah. Ó gbé e mì.

“Ti Dókítà ńkọ́?”

“Mo máa ń tú u. Mo ti bá àṣìṣe níbẹ̀ rí. Mo kọ́kọ́ kí wọn dáadáa, mo bẹ̀ wọ́n, kí n tó sọ ọ́.”

“Ọmọ tí ó ń bú Láwàlì, tí ó ń bẹ Dókítà kí ó lè tọ́ ọ sọ́nà, dé orí ẹyọ kan, kò tú u. Kí ni ó dé?”

“Mo gbàgbé, mà.”

“O kò gbàgbé. Ojú rẹ ni kò gbà á. Ta ni ó wà nínú ilé yìí tí ojú ọmọ rere kò ní gbà kí ó tú ọ̀já rẹ̀?”

Omi bọ́ lójú Haleemah. Ó fi etí híjàábù nù ún. “Nígbà tí bàbá mi kú, Alhaja ní kí n wá jókòó ti aró. Àwọn ni wọ́n rìn wá sí Ìtokú, mà. Wọ́n jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n ń bẹ ìyá mi pé kí ó jẹ́ kí n máa kàwé mi lọ, bí ẹni tí ó jẹ gbèsè. Àgbà bí wọn! Ìgbà tí wọ́n wá fi máàpù kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n kó o mọ́ àwọn yòókù, kí n sọ pé mo fẹ́ wo abẹ́ rẹ̀?”

“Ìwọ yóò wá tìtorí rẹ̀ lọ sí àtìmọ́lé?”

“Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni ìsìn ìdúpẹ́ wọn, mà.”

Oyíndà wo ewé máńgòrò tí ó ń já bọ́. Ó ti mú olè, ó ti mú gbájúẹ̀. Kò sí èyí tí ó rẹ̀ ẹ́ tó irọ́ tí ọmọlúàbí bá pa.

*

Bàbá nìkan ni ó wà nínú ọ́fíìsì nígbà tí Oyíndà padà dé ibẹ̀. Obìnrin náà kò jókòó.

“Sà, ẹ ní ojú yín kò gba máàpù mọ́. Ta ni ó wá mú lẹ́tà tóbi tó báyìí lójú kọ̀ǹpútà yín? Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ kì í pọ́n ọkọ́.”

Bàbá rọra tẹ ẹ̀yìn mọ́ àga. Ó jọ pé ó ti ń dúró de ìbéèrè náà láti ọjọ́ pípẹ́.

“Mo fẹ́ dá ọ̀run kan sí i kí n tó lọ. Ẹyọ kan péré. Ìdajì ni ẹ̀rọ fún mi. Mo rò pé ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ojú sì tì mí láti pe ọmọdé pé kí ó wá wò ó.”

“Ẹ wá ṣẹ́ ẹ po.”

“Kí n kàn lè rí bí odindi yóò ṣe rí ni. Mo ní n ó padà wá parí rẹ̀. Ìgbà tí ó di ọjọ́ kejì, mo ti gbàgbé pé kò pé. Ọ̀já ti bò ó, ojú mi kò sì mú un. Mo fi lé ọmọ náà lọ́wọ́.”

“Ọwọ́ yín kọ́ ni ó bà á jẹ́, sà. Ìyàwó kan ní Ewékorò ni ó gba àyè yín nínú ẹ̀rọ. N ó ṣàlàyé ìyẹn bó bá yá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí nígbà tí ìròyìn dé láti òkè òkun.”

“Mo rántí.”

“Ẹ sì dákẹ́.”

“Mo ń retí kí ọmọ náà dárúkọ mi. Mo fi ọkàn mi búra pé bí ó bá dárúkọ mi, n kò ní jiyàn.”

“Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ dárúkọ yín, sà.”

Ìpè ìrun ọ̀sán gòkè láti mọ́ṣáláṣí tí ó wà nísàlẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

“Ó ti rẹ̀ mí, ọ̀gá,” ni Bàbá wí.

“Ó ti rẹ èmi náà, sà. Ṣùgbọ́n kò tíì rẹ ọmọ yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ó rẹ̀ ẹ́ nítorí wa.”

*

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n gbé máàpù náà sójú ògiri, ó tóbi ju ènìyàn lọ, ọ̀já rẹ̀ dúdú kirikiri. Haleemah dúró ti kọ̀ǹpútà tí ó ń tàn án. Láwàlì fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Dókítà Theophilus ti la ẹnu láti ka ẹ̀sùn nígbà tí Bàbá na ọwọ́ sókè.

“Haleemah.”

“Sà.”

“Èmi ni mo ṣe máàpù yìí. Ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ni iṣẹ́ rẹ nínú ilé yìí?”

“Yíyẹ máàpù wò ni, sà.”

“Ó yá, ṣe iṣẹ́ rẹ.”

Awò ojú bọ́ lọ́wọ́ Theophilus. Haleemah ti wà lórí ìkúnlẹ̀. “Ẹ dákun, sà. Ẹ má jẹ́ kí n ṣe é.”

“Dìde. Ẹni tí ó kúnlẹ̀ kò lè yẹ ojú ọ̀run wò. Tú ọ̀já rẹ̀.”

Ọmọ náà wo Oyíndà. Oyíndà mi orí fún un lẹ́ẹ̀kan. Ó dìde, ó fi ìka tẹ ẹ̀rọ, ọ̀já dúdú náà sì lọ. Lójú gbogbo ènìyàn, òkè ọ̀run àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ pàdé bí ètè méjì tí ó pa ọ̀rọ̀ kan mọ́.

“Kí ni o rí?”

“Sà…”

“Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ Láwàlì ńkọ́?”

Ẹ̀rín kékeré kan sáré káàkiri yàrá náà; Láwàlì fa orí sẹ́yìn. Haleemah nu ojú rẹ̀, ó sì nà ró.

“Iṣẹ́ yìí kò pé, sà,” ni ó wí. “Ìdajì ni. Ẹ padà lọ ṣe é.”

“Mo gbọ́, ọ̀gá mi,” ni Bàbá wí, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wá àga.

Oyíndà ni ó fà á sún mọ́ ọn.